Omi Ìyè Nínú Táǹkì Alùpùpù Ọkọ Wa

                                                            Ilé Bàbá Níyì,
                                                            Ẹ̀yìn Ọjà Àgbowó,
                                                            Ìbàdàn.
                                                            Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Ìyàwó mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Dàmọ́lá ọmọ ẹ ńkọ́, ìyàwó ẹ̀ ńkọ́, ṣé ọmọ tuntun ti ń jókòó? Ẹsẹ̀ tó máa ń wú yẹn ńkọ́, ṣé ó ti fà? Ẹ kú òjò, ẹ kú ìkórè, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ará Ṣakí, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà? Inú mi á dùn tó bá jẹ́ pé ara yín le bí tèmi náà ṣe le, nítorí pé… Láwùmí! Kí ló dé tóo fi da omi sínú táǹkì mi?

Ó tán. Mo ti gbìyànjú. Mo fẹ́ kọ́kọ́ kí ẹ dé orí adìyẹ tóo ń sìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀fun mi, kò ṣeé gbé mì. Jẹ́jẹ́lọlá ọmọ Níyì ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n rọra. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ, n ò bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè ẹ́ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan péré lo gbé e. O gbọ́ “Láwùmí, omi yẹn,” o pa á mọ́ mi létí. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀keje, obìnrin inú fóònù ló ń bá mi sọ òyìnbó. Èmi àti obìnrin yẹn ò jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Jẹ́jẹ́ mú bírò. Jóṣúà awakọ̀ ni màá fún ní gáréèjì Òjòó, òun ló máa fi lé ẹ lọ́wọ́. Ìwé ò ṣeé pa bíi fóònù. Kí Dàmọ́lá kà á sókè, kí àwọn ará ilé gbọ́.

Bóyá o ti gbàgbé, jẹ́ kí n rán ẹ létí. Oṣù kẹjọ, nígbà tí a ń ṣe ìrántí ọdún kẹta tí ọkọ wa fi wá sílẹ̀, o mú wòlíì yín wá láti Ṣakí. Mo gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Onítẹ̀bọmi ni mí, aláṣọ funfun lẹ̀yin, n ò fìgbà kan bá ẹ ṣe àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń gún iyán tí ẹ máa jẹ. Mo gbọ́ agogo, mo gbọ́ Halelúyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rò pé tìtorí ọkọ wa ni. Ìgbà tí mo máa yọ síta, ìdérí táǹkì alùpùpù wà ní ṣíṣí, ìgò ọwọ́ ẹ ti ṣófo, o wá ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó bá mi fọ abọ́. O ní, “Ìyálé mi, mo ti bá yín yà á sí mímọ́. Mo lálàá pé bàbá gùn ún wá pe èèyàn. Omi ìyè ni, kò tún ní pe ẹnikẹ́ni mọ́.”

Òótọ́ lo sọ. Kò lè pe adìyẹ gan-an mọ́ báyìí.

Ọmọ tó ń kọ lẹ́tà yìí ló fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ táǹkì. Ó ti gba tiẹ̀. Kọ ọ́, Jẹ́jẹ́, má fò ó.

Láwùmí, ká ní ọ̀kadà tó ń gbé èrò ni, n ò bá ti bínú tó báyìí. Ọ̀kadà ní kabúrétọ̀, abọ́ kékeré tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo. Bí omi bá wọ inú ẹ̀, ọmọkọ́mọ á tú bóòtù kan nísàlẹ̀, omi á dà sílẹ̀, ó bùṣe. Alùpùpù ọkọ wa ò ní kabúrétọ̀. Pọ́ǹpù ẹ̀ wà nísàlẹ̀ táǹkì, inú epo gan-an ló ń gbé bí ẹja. Òun ló ń ti epo gba inú rọ́bà lọ sọ́dọ̀ ínjẹ́tọ̀ méjì. Ohun kékeré tí kò ju ìka ọmọ lọ ni ínjẹ́tọ̀, òun ló ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì bí ìgbà téèyàn ń fọ́n omi sáṣọ tó fẹ́ lọ̀. Ihò ẹnu ẹ̀ ò tó ojú abẹ́rẹ́. Omi sì wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń wá, ẹnu pọ́ǹpù ló máa ń bọ́ sí. Ohun tóo ní kó lọ sọ́run, pọ́ǹpù ló gbé e mu.

O lè ní kí ni èmi tí n ò kàwé mọ̀ nípa ẹ̀. Ọkọ wa ló kọ́ mi, láti ọdún tí wọ́n ti rà á lọ́wọ́ òyìnbó tó ń ṣe ọ̀nà, tí òyìnbó yẹn ń kó ẹrù ẹ̀ lọ sílé. Suhail, mẹkáníìkì wọn ní Ríǹgì Róòdù, fi ìyókù kún un. Láti ìgbà tí ọkọ wa ti kú, Sátidé kan ò kọjá kí a má ṣáná sí i. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́, màá wá dákẹ́. Tí pọ́ǹpù bá kùn bí oyin fún ìgbà díẹ̀, tó dákẹ́, mo mọ̀ pé ara ẹ̀ yá, Níyì lè tẹ bọ́tìnnì. Sátidé kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ta kókó kan sí okùn tí mo so mọ́ irin ọwọ́ ẹ̀. Tí kókó bá pé ogún, ọ́ìlì tuntun. Tó bá tún pé ogún míì, ọ́ìlì àti fíítà tó ń sẹ́ ẹ. Rọ́bà epo tó ti ń là, mo ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n ti fi èyí tí wọ́n fi irin hun lára sí i. Iná iwájú ẹ̀ tó pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú, a ti yọ ọ́, iná funfun tuntun ló wà níbẹ̀, ó ń tàn dé ilé kejì. Mo ní kí wọ́n fi fóòmù kún ìjókòó ẹ̀yìn, nítorí ìdí mi kì í ṣe ìdí ọmọ ogún ọdún mọ́.

Bí Níyì bá gbé mi dé Bódìjà, tí àwọn ẹlẹ́wà bá gbọ́ ohùn ẹ̀, wọ́n á máa pariwo, “Ìyá Alùpùpù ti dé o! Ẹ yà fún wọn!” Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, Láwùmí. Ibo ni wọ́n tún ti ń pariwo orúkọ mi?

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tóo lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo ní kí Níyì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó tún ń wúkọ́. Ìgbà tó di Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù yìí, ó kú mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí a ń ti Bódìjà bọ̀, lójú gbogbo ayé. Níyì ń tì í, èmi ru ẹ̀wà mi tẹ̀lé e. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ n gbé yín, kí bọ̀ọ̀dá máa ti jẹnẹrétọ̀ wọn bọ̀.” Mo bú u títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ọmọ ọlọ́mọ ò mọ nǹkan kan. Ìwọ ni mò ń bú.

O sì mọ ohun tó lè tìdí ẹ̀ jáde. O jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pín ogún. Ìdí-igi ni wọ́n fi pín in: alùpùpù bọ́ sídìí igi tèmi, àpótí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì bọ́ sídìí igi tìẹ, kí ọwọ́ àwa méjèèjì lè wà lára ẹ̀. Bàbá Kékeré, àbúrò ọkọ wa tó di olórí ẹbí, ló fi òfin dè é. Wọ́n ní ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ kì í ṣe ogún, ẹrù ni. Wọ́n ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá lọ́dọọdún, àwọn máa wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, a máa ṣáná sí i lójú àwọn. Ọdún tí kò bá ti dáhùn, àwọn máa tà á, wọ́n á pín in sí méjì. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń wá ló ń dáhùn, tí ohùn ẹ̀ ń gbọn fìlà lórí wọn. Ti ọdún yìí, kì í ṣe Sátidé tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀lé e ni.

Bàbá Kékeré ti gbọ́ pé alùpùpù ń ṣàìsàn. Wọ́n ti rán ọkùnrin kan sí mi láti Òkè-Àdó, ẹni tó máa ń tú alùpùpù ká, tó ń tà á ní wẹ́wẹ́. Àárọ̀ Túsìdeè ló wá. Ó ń na ìka sí i bí ẹni tó wà níwájú alápatà: “Táyà yìí dáa. Iná yìí, mo ti ní oníbàárà ẹ̀.” Mo ń fọṣọ lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò mọ ibi tí omi ọṣẹ ti ta sí i lára. Ó lọ pẹ̀lú bàtà tútù.

Suhail ló tú táǹkì. Ó da ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú ìgò funfun, ó gbé e síbi tí oòrùn ti tàn sí i, ó ní kí n wò ó. Epo wà lókè, ó pupa díẹ̀. Omi wà nísàlẹ̀ bí ẹni tó san owó ilé. Ó fa pọ́ǹpù yọ. Láwùmí, ó ti dógùn-ún, ó rí bí ìṣó tí wọ́n yọ lára òrùlé àwọn bàbá wa. Orúkọ tí mo pè ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Jẹ́jẹ́ ní òun ò ní kọ ọ́. Tí o bá fẹ́ gbọ́ ọ, gbé fóònù ẹ.

Suhail gbìyànjú. Kò rí irú pọ́ǹpù yẹn rà, ó wá mú ti mọ́tò kékeré kan, ó ré etí ẹ̀, ó wá gbé e sínú. Ó kùn! Mo jó yí alùpùpù yẹn ká. Ó bó inú táǹkì pẹ̀lú ọtí kíkan àti òkúta wẹ́wẹ́ títí irin fi funfun. Ó gbé ínjẹ́tọ̀ méjèèjì lọ sí Ṣálẹ́ǹjì, níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ọ̀kan yè é. Wọ́n fọ ìkejì lẹ́ẹ̀mejì, kò fọ́n epo, ó kàn ń kán tó, tó, bí imú ọmọ. Ohun tó kù nìyẹn, ẹyọ kan ṣoṣo. A wá a dé Dùgbẹ̀, a wá a dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò sí. Wọ́n ní òkè òkun ni kí a ránṣẹ́ sí, ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bàbá Kékeré ò ní dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mẹkáníìkì míì ní kí a yọ gbogbo ẹ̀ dà nù, pọ́ǹpù, ínjẹ́tọ̀, wáyà, kí òun fi kabúrétọ̀ ọ̀kadà méjì dè é. Ó ní, “Ìyá, á kàn máa mu epo ni, ṣùgbọ́n á rìn.” Mo bi í pé tí ojú bá dùn ún, ṣé á yọ ọ́, kó fi ti ewúrẹ́ sí i? Ó ní èmi àti ẹnu mi. Èmi àti ẹnu mi náà la jọ wọlé.

Lórí gbogbo èyí ni Jóṣúà tún wá ròyìn fún mi. Ó ní o sọ ọ́ nínú mọ́tò òun, láàrin èrò, pé, “Kí wọ́n tà á, ká sinmi. Ìyálé mi ti sọ irin di ọkọ.” O káre. Tí mo bá sọ irin di ọkọ, ó ṣáà sàn ju ẹni tó sọ àpótí ọkọ di kòkò irú lọ. O rò pé n ò gbọ́? Àpótí tó ti bá ọkọ wa dé Kútọnu, tí òjò ò wọ̀ rí, irú lo ń kó sínú ẹ̀ lọ sọ́jà! Bí ọkọ wa bá tún gùn ún wá sójú àlá ẹ, bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n gbóòórùn nǹkan.

O ti gbàgbé ọjọ́ tóo fẹ́ bí Dàmọ́lá, tí ọmọ fẹsẹ̀ wá, tí ẹ̀rù bà ẹ́, tóo ní àfi kí ìyálé ẹ wá. Èmi lo ní kí wọ́n wá mú. Kò sí mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, ìwọ́de àwọn awakọ̀ ni. Ẹ̀yìn ọkọ wa lórí alùpùpù yẹn ni mo jókòó sí láti Ìbàdàn dé Ṣakí. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn wà nínú àpótí ọ̀tún, aṣọ ọmọ wà nínú ti òsì. Ìgbà tí mo máa sọ̀ kalẹ̀, n ò mọ èwo ni ẹsẹ̀ mi nínú ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ìyálé ẹ ni mí, àbí agbẹ̀bí ẹ? Èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ Dàmọ́lá. Ó tọ̀ sí mi lójú. Òun ló ń ka lẹ́tà yìí fún ẹ, o kú iṣẹ́ o, Dàmọ́lá.

Ó dáa. Ohun tí mo fi ní kí wọ́n kọ̀wé rèé, gbọ́ ọ dáadáa.

Lánàá, bí Suhail ti ń kó irinṣẹ́ ẹ̀ nílẹ̀, ó kàn dáwọ́ dúró. Ó ní òun rántí pé bàbá ní ínjẹ́tọ̀ méjì míì. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ òyìnbó yẹn pọ̀ mọ́ alùpùpù, wọn ò lò ó rí. Ó ní bàbá fi han òun lẹ́ẹ̀kan: wọ́n fi áńkáṣíìfù wé e, wọ́n fi sínú agolo tii pẹlẹbẹ, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ rọ́bà dúdú tó wà nísàlẹ̀ àpótí ọwọ́ ọ̀tún. Àpótí tìẹ nìyẹn, Láwùmí. Ó wà nílé ẹ, lábẹ́ irú ẹ.

Kó irú yẹn kúrò. Ká rọ́bà yẹn sókè, ó lẹ̀ díẹ̀, fi ọ̀bẹ tì í létí. Mú agolo náà, má ṣí i, má gbàdúrà sí i. Jóṣúà ń padà bọ̀ ní Mọ́ńdè, fi lé e lọ́wọ́, kó gbé e síwájú lọ́dọ̀ ara ẹ̀, kì í ṣe nínú búùtù. Tó bá dé ọwọ́ Suhail ní Mọ́ńdè, ó ní ọjọ́ kan péré ni òun á fi dè é. Ìwọ lo ni àpótí, n ò lè ní kí ẹnikẹ́ni wá tú u. Tí wọ́n bá ta alùpùpù yìí, mo mọ̀ pé ìdajì máa kàn ẹ́, o sì lè jókòó jẹ́ẹ́ kí Sátidé yẹn kọjá. Kò sẹ́ni tó máa mú ẹ. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Jẹ́jẹ́ ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní òun ò kọ mọ́ àfi tí mo bá sọ èyí tí Suhail sọ kẹ́yìn. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n. Ṣé ẹ rí ayé.

Ó dáa, kọ ọ́. Suhail gbé ìgò yẹn sókè, ó wo omi, ó wò mí. Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú o. Ìgò kan kọ́ ló kó gbogbo èyí wá. Ìpáàrà yìí ti ju oṣù méjì lọ, ó ti lé lọ́dún. Ẹ kì í jẹ́ kí táǹkì kún.” Òótọ́ ni, n kì í jẹ́ kó kún. Láti ìgbà tí epo ti gbówó lórí, èyí tó máa gbé wa dé Bódìjà dé ilé ni mo máa ń ní kí Níyì rà. Suhail ní táǹkì tó ṣófo máa ń làágùn nínú nígbà òjò, òógùn yẹn lá máa ro lọ sísàlẹ̀. Ọkọ wa kì í gbé e kalẹ̀ àfi kí epo kún un dé ọrùn. Èmi rò pé ṣekárími ni wọ́n ń ṣe fún àwọn ará àdúgbò, wọn ò sì ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.

Nítorí náà, omi tìẹ bá omi tèmi níbẹ̀. Mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tèmi ń rọra pa á ni, ó ṣì ń rìn. Tìẹ ló gbá a lórí. Kọ ìyẹn náà, Jẹ́jẹ́, ṣé inú ẹ ti dùn?

Tí o bá fẹ́ wá bá wa jókòó lọ́jọ́ tí Bàbá Kékeré ń bọ̀, wá. Ilé ọkọ ẹ ni. Ìgò kankan ò gbọdọ̀ bá ẹ wọlé, omi mímu wà nílé wa. Wòlíì lè wá, tó bá máa fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Tí o bá sì mọ̀ pé o ò ní fi agolo yẹn ránṣẹ́, sọ ọ́ fún Jóṣúà lójú, kí n má lọ máa dúró lóòrùn ní gáréèjì Òjòó ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí n máa wo ojú mọ́tò.

Bá mi kí Dàmọ́lá àti ìyàwó ẹ̀. Bá mi fi ẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu, ìyẹn ò ṣẹ̀ mí. Kí àwọn ará ilé ìsìn yín ní Ṣakí, kí wọ́n gbàdúrà fún mi, níbi tí wọ́n jókòó sí. Fi òrí pa ẹsẹ̀ ẹ, má fi omi gbígbóná sí i.

Èmi ni ìyálé ẹ, inú ń bí mi, ara mi sì le,

Ìyá Níyì.

Jẹ́jẹ́, ó tó. Má tíì lẹ̀ ẹ́ pa. Kà á kí n gbọ́. Má bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ibi tí mo ti ní kó fi agolo ránṣẹ́ ni kóo kọ́kọ́ kà. Tó bá dún bí ẹ̀bẹ̀, a máa wá èébú kan fi sí i.